Babs, mọ́tò tí wọ́n sin sínú yanrìn Pendine: kí ló pa Parry-Thomas gan-an?

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1927 ni J. G. Parry-Thomas kú sínú Babs, mọ́tò rẹ̀, ní etí òkun Pendine, ní gúúsù Wales, níbi tó ti ń gbìyànjú láti gba rékọ́ọ̀dù eré mọ́tò rẹ̀ padà, ìyẹn rékọ́ọ̀dù mọ́tò tó sáré jù lórí ilẹ̀. Tí ẹ bá wá ìtàn yẹn kiri, ohun tí ẹ máa bá níbi tó pọ̀ ni pé ṣéènì mọ́tò já, ó fò sókè, ó sì gé e lórí. Gbólóhùn kan báyìí, ọ̀rọ̀ parí. Èmi ò rò pé ó parí o. Ọkùnrin tó kú yìí kì í ṣe èèyàn kékeré nínú iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, àti pé nígbà tí wọ́n wú mọ́tò náà jáde nínú yanrìn lẹ́yìn ọdún 42, ohun tí irin rẹ̀ fi hàn yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu ti ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà yẹn. Rékọ́ọ̀dù eré mọ́tò bẹ̀rẹ̀ ní Achères lẹ́bàá Paris ní oṣù Kejìlá 1898, nígbà tí Gaston de Chasseloup-Laubat, ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi mọ́tò oníbátìrì sá kìlómítà 63 ní wákàtí kan, kò sì ju oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ tí Camille Jenatzy ará Belgium fi mọ́tò oníbátìrì tiẹ̀ náà kọjá 100. Nígbà tó fi máa di 1904 Louis Rigolly ti sá ju máìlì 100 lọ ní Ostend, ìyẹn kìlómítà 166. Àmọ́ lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ eré wá di nǹkan mìíràn pátápátá, torí ẹ́ńjìnnì bàálù tí wọ́n ṣe fún ogun kún ilẹ̀, ogun ti tán, wọ́n ń tà wọ́n lówó pọ́ọ́kú, ẹni tó bá lówó díẹ̀ tó sì láyà á kàn gbé ọ̀kan sórí ṣásí mọ́tò, á wá máa wá ibi tó gùn tó tó lè tẹ̀ ẹ́ dé ìpẹ̀kun.

Ibi tó gùn tó yẹn gan-an ni wàhálà. Brooklands, ibi eré mọ́tò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní Surrey ní 1907, òbìrípo ni, kò gùn ju máìlì mẹ́ta lọ téèyàn bá yí i ká, mọ́tò tó fẹ́ sá kọjá kìlómítà 240 kò lè rọ́nà gbà níbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gba etí òkun lọ nìyẹn. Yanrìn Pendine gùn tó máìlì 7, ìyẹn bíi kìlómítà 11, tí omi bá ti fà sẹ́yìn yanrìn náà á le, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Malcolm Campbell, awakọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, ti gba rékọ́ọ̀dù níbẹ̀ ní 1924, kìlómítà 235, ó tún padà wá ní 1925 ó sì kọjá máìlì 150. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín pé etí òkun rọrùn. Omi ló ń pinnu ìgbà tí wọ́n máa sáré, tó bá ti ń kún bọ̀ ẹ gbọ́dọ̀ kúrò, yanrìn tó bá ṣì tutù máa ń fa táyà mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ sá a lọ kó tún sá a bọ̀ kí wọ́n tó da méjèèjì pọ̀ pín in sí méjì, kí atẹ́gùn má bàa ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lílọ nìkan kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní Parry-Thomas yìí, John Godfrey Parry Thomas lorúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, ìlú Wrexham ní Wales ni wọ́n ti bí i ní 1884. Ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ló kọ́ ní London, kì í ṣe ọmọ olówó tó kàn ń fi mọ́tò ṣeré. Òun ni olórí àwọn ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ Leyland, tó ń ṣe lọ́rì àti bọ́ọ̀sì, òun ló sì ṣe mọ́tò tí wọ́n ń pè ní Leyland Eight fún wọn ní 1920, onísílíńdà mẹ́jọ tí gbogbo rẹ̀ tò lórí ìlà kan. Mọ́tò yẹn dára ju àpò àwọn tó yẹ kó rà á lọ, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ṣe. Thomas wá fi ibi iṣẹ́ gidi sílẹ̀, ó kó lọ sí Brooklands, inú ọgbà eré yẹn gan-an ló ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan. Kò níyàwó. Òun àti Ken Thomson jọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Reid Railton sì wà lọ́dọ̀ wọn (ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn). Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa Thomas ni pé ẹni tó ń wa mọ́tò náà ló ń tú u, òun ló ń ronú ohun tó máa yí padà nínú ẹ̀, tí nǹkan kan bá bàjẹ́ kò sẹ́ni tó máa dá lẹ́bi ju ara ẹ̀ lọ.

Babs wá ńkọ́? Kì í ṣe Thomas ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Louis Zborowski, ọ̀dọ́ olówó kan tó ń gbé ní Higham, nítòsí Canterbury, ló kọ́kọ́ tò ó, Higham Special ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn. Ẹ́ńjìnnì Liberty ló wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì bàálù tí Amẹ́ríkà ṣe fún ogun, sílíńdà 12, lítà 27. Lítà 27 o! Mọ́tò tó gbé yín dé ibi iṣẹ́ lónìí, ó ṣeé ṣe kí tiẹ̀ má ju lítà méjì lọ. Agbára ẹ̀ tó agbára ẹṣin 450, gíà rẹ̀ ti Benz ni, ṣéènì méjì ló sì ń gbé agbára náà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, bí ṣéènì ọ̀kadà ṣe ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gẹ́lẹ́, kàn jẹ́ pé èyí nípọn, ó sì ń gba agbára tó lè gbé bàálù fò. Zborowski kú níbi eré mọ́tò ní Monza ní oṣù Kẹwàá 1924. Thomas wá ra mọ́tò náà nínú ẹrù tó fi sílẹ̀, pọ́n-ùn 125. Ó tú u, ó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, ó pààrọ̀ písítìnì sí èyí tó ya àwòrán ẹ̀ fúnra ẹ̀, ó fi kábúrétọ̀ mẹ́rin sí i, ó ṣe ara tuntun fún un, ó sì sọ ọ́ ní Babs.

Àwọn tó kù tó ń du rékọ́ọ̀dù yìí nígbà yẹn, owó ńlá ló wà lẹ́yìn wọn. Henry Segrave, awakọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, ní ilé iṣẹ́ mọ́tò Sunbeam lẹ́yìn, Campbell lówó tiẹ̀, ó tún ní àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Segrave ti gbé e dé kìlómítà 245 ní oṣù Kẹta 1926 ní Southport. Oṣù kan àti díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, Thomas gbé mọ́tò àlòkù tó ra ní pọ́n-ùn 125 dé Pendine, ó sá kìlómítà 272, lọ́jọ́ kejì ó tún gbé e dé 275, ìyẹn máìlì 171. Ẹ wò ó dáadáa: ìyàtọ̀ láàárín Campbell àti Segrave ṣáájú ìgbà yẹn kò tó máìlì méjì, ọkùnrin yìí wá fi máìlì méjìdínlógún àti díẹ̀ kún un láàárín ọjọ́ méjì. Orí mi máa ń wú tí mo bá rò ó. Iṣẹ́ ọpọlọ ni.

Campbell gbà á padà lọ́jọ́ 4 oṣù Kejì 1927, ní Pendine kan náà, pẹ̀lú mọ́tò tuntun tó ní ẹ́ńjìnnì Napier, kìlómítà 281. Kìlómítà mẹ́fà ló fi ju ti Thomas lọ, kò pọ̀, Thomas sì mọ̀ pé Babs ṣì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún mọ̀ pé Segrave ń múra láti lọ sí Daytona ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú mọ́tò Sunbeam tuntun tó ní ẹ́ńjìnnì méjì, tí yẹn bá ti sáré, Babs ò tún ní lè bá a mọ́ láéláé. Àkókò ti kúrú. Ara Thomas kò tiẹ̀ yá dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, fúlù ń ṣe é, síbẹ̀ ó lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Mọ́tò náà wà lórí eré gidi nígbà tó yọ̀ lójijì, ó yí gbirigbiri, ó tún fẹsẹ̀ ara ẹ̀ balẹ̀, ó ń yọ̀ lọ lórí yanrìn, iná sì sọ lára ẹ̀. Àwọn tó dúró ń wò sáré lọ bá a. Thomas ti kú, orí ni ọgbẹ́ tó pa á wà. Ṣéènì apá ọ̀tún ti já. Apá ọ̀tún náà ni ìjókòó awakọ̀ wà, ṣéènì náà sì ń kọjá lẹ́bàá ibi tó jókòó. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó rí orí, tó rí ṣéènì, ohun kan ṣoṣo ló máa bọ́ sí i lọ́kàn. Mi ò bá wọn jà fún ìyẹn. Òun ni awakọ̀ àkọ́kọ́ tó kú níbi tó ti ń wá rékọ́ọ̀dù yìí, ìbànújẹ́ ti dé, àwọn èèyàn fẹ́ mọ ohun tó pa á kíákíá, ìdáhùn kan sì wà nílẹ̀ gbalaja.

Ibi tó dùn mí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbẹ́ ihò ńlá sínú òkìtì yanrìn létí òkun níbẹ̀, wọ́n ti Babs sínú ẹ̀, wọ́n fi nǹkan ya ìjókòó aláwọ rẹ̀, wọ́n fọ́ gíláàsì gbogbo aago tó wà níwájú awakọ̀ kí ẹnì kankan má bàa rí nǹkan jí mú lọ ṣe ìrántí, wọ́n sì da yanrìn bò ó. Thomas fúnra ẹ̀, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Byfleet lẹ́bàá Brooklands ni wọ́n sin ín sí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tó pa ọ̀rẹ́ ẹni, a kì í fẹ́ rí i mọ́, àti pé ìfẹ́ ló mú kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún àwọn tó máa wá ta á ní ègé-ègé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sin mọ́tò yẹn, ẹ̀rí ni wọ́n sin. Látọjọ́ náà lọ, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mọ́tò yẹn tàbí ṣéènì yẹn kó yẹ̀ ẹ́ wò, ìtàn ṣéènì nìkan ló wà lókè ilẹ̀, òun náà sì ni wọ́n ń tún sọ títí tó fi di òtítọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta 1927, oṣù kan ò tíì pé tí Thomas kú, Segrave sá kìlómítà 327 ní Daytona, máìlì 203, òun lẹni àkọ́kọ́ tó kọjá máìlì 200. Ṣéènì ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Sunbeam yẹn náà! Tó bá jẹ́ pé ṣéènì fúnra ẹ̀ ni ikú, Segrave ìbá ti bá a lọ, torí ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ lágbára ju ti Babs lọ dáadáa. Mi ò sọ pé ìyẹn fi hàn pé ṣéènì Babs kò lè já o, ohun tí mò ń sọ ni pé ó yẹ kó mú kéèyàn béèrè ìbéèrè.

Ìbéèrè yẹn dúró títí di 1969. Owen Wyn Owen, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì ní Bangor, ní àríwá Wales, ló sọ pé òun fẹ́ hú Babs jáde. Kò rọrùn fún un. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ológun nígbà náà, wọ́n ń fi ibẹ̀ dán ohun ìjà wò, ó ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, àwọn kan ládùúgbò náà sì lòdì sí i pátápátá, lójú tiwọn bíi kéèyàn lọ tú sàréè ni. Mo gbà pé àwọn yẹn ò burú, ìyá àti bàbá wọn ló ti sọ fún wọn pé ká fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ Owen ń sọ nǹkan tí mo fara mọ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹnjiníà kan ló ń jẹrà nínú yanrìn iyọ̀, tí wọn ò bá tètè wú u kò ní sí nǹkan kan tó máa ṣẹ́ kù láti wú. Wọ́n gbà fún un, wọ́n gbẹ́ ẹ jáde. Ara ẹ̀ tó jẹ́ aluminíọ̀mù ti jẹ dànù ní ọ̀pọ̀ ibi, irin ẹ̀ ti dípẹtà, ọdún 42 nínú yanrìn tí omi òkun ń rin kì í ṣe eré.

Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún ló ń fa ojú mọ́ra. Ẹsẹ̀ mọ́tò ìgbà yẹn, wáyà irin tín-ín-rín ló so àárín ẹ̀ mọ́ rììmù, sípóòkù. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe àyẹ̀wò náà wá gbà ni pé ẹsẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ fọ́, kì í ṣe ṣéènì. Ẹ jẹ́ ká rò ó bí ẹnjiníà. Ká ní táyà kan fẹ̀ tó mítà kan láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, tí mọ́tò bá ń sá kìlómítà 275, ẹsẹ̀ yẹn á máa yípo ju ẹ̀ẹ̀mẹrìnlélógún lọ láàárín sẹ́kọ́ńdù kan ṣoṣo. Agbára tó ń fẹ́ fa rììmù àti táyà ya kúrò lára àárín kì í kàn pọ̀ bí eré ṣe ń pọ̀, tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára yẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá fi ìwúwo mọ́tò onílítà 27 kún un, ẹ fi gbígbọ̀n lórí yanrìn tí kò tẹ́ dọ́gba kún un, ẹ fi agbára ṣéènì tó ń fa ẹsẹ̀ náà síwájú kún un. Sípóòkù díẹ̀ péré ló máa kọ́kọ́ já, àwọn tó kù á wá máa gbé ẹrù tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n á já tẹ̀ lé e, kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ ti rún.

Tí ẹsẹ̀ bá ti rún, ẹ̀yìn mọ́tò á já lulẹ̀ lápá ọ̀tún. Ṣéènì tó yẹ kó wà lórí ìlà tààrà láti gíà sí ẹ̀yìn á wọ́, á sì já. Ìyẹn ni pé ṣéènì tó já yẹn, tí gbogbo èèyàn rí, lè jẹ́ àbájáde, kó má jẹ́ ohun tó fà á. Mọ́tò á wá yọ̀, á yí. Ta ló wà nínú ẹ̀? Ẹni tó jókòó tí orí àti èjìká ẹ̀ yọ síta, kò sí irin kankan tó gba òkè orí ẹ̀, kò sí akoto irin, kò sí bẹ́líìtì tó dè é mọ́jòókòó. Tí mọ́tò tó wúwo bẹ́ẹ̀ bá yí lórí eré bẹ́ẹ̀ tó sì dojú dé lẹ́ẹ̀kan péré, orí awakọ̀ ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. A ò nílò ṣéènì ká tó lè ṣàlàyé ọgbẹ́ yẹn.

Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń di ìtàn ṣéènì mú, wọ́n ní ó lè jẹ́ pé ṣéènì ló kọ́kọ́ já tó wá lọ́ mọ́ ẹsẹ̀, tó fọ́ ọ. Ó ṣeé rò. Àmọ́ fún mi, ẹsẹ̀ ni. Bí mọ́tò náà ṣe yí, ibi tí ìbàjẹ́ wà lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ bá ara wọn mu tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, tó bá sì jẹ́ ṣéènì la fi bẹ̀rẹ̀, a máa ní láti fi ọ̀pọ̀ "bóyá" ti ìtàn náà lẹ́yìn kó tó dúró.

Kí ló wá kàn wá bóyá ṣéènì ni tàbí ẹsẹ̀, ṣebí ọkùnrin náà ti kú? Ó kàn wá gan-an. Ìtàn ṣéènì sọ Thomas di ẹni tí wọ́n ń fi ikú ẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé, ọkùnrin tí orí ẹ̀ gé, wọ́n wá gbàgbé Leyland Eight, wọ́n gbàgbé pé ó gbé rékọ́ọ̀dù sókè ní máìlì méjìdínlógún láàárín ọjọ́ méjì. Ó tún jẹ́ kó dà bíi pé aláìbìkítà ni, pé ó jókòó ti ṣéènì láìronú. Ẹsẹ̀ onísípóòkù ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò nígbà yẹn, ewu tó pa á jẹ́ ewu tí ọ̀pọ̀ wọn jọ ń gùn.

Àwọn tó fi sílẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ken Thomson ń bá ilé iṣẹ́ náà lọ ní Brooklands, ó di Thomson & Taylor, Reid Railton tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ya àwòrán mọ́tò. Òun ló ṣiṣẹ́ lórí Blue Bird, mọ́tò tí Campbell fi kọjá máìlì 300 ní 1935 ní Bonneville ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni o, Campbell kan náà tó gba rékọ́ọ̀dù lọ́wọ́ Thomas. Lẹ́yìn náà ó tún ya mọ́tò tí John Cobb fi sá máìlì 394 ní 1947, ẹ́ńjìnnì Napier méjì, ara ẹ̀ bo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pátápátá, awakọ̀ jókòó sí iwájú pátápátá, kò sí ṣéènì. Rékọ́ọ̀dù yẹn dúró títí di àwọn ọdún 1960. Ọ̀dọ̀ Thomas ni Railton ti kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Babs ńkọ́? Owen kò kàn wú u kó gbé e síbì kan kó máa wò ó. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ẹ̀, ó ń wá àwọn ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì Liberty kiri, èyí tó ṣeé tún ṣe ó tún un ṣe, èyí tó ti jẹrà ó rọ òmíràn, títí ẹ́ńjìnnì onílítà 27 yẹn fi tún dún. Owen kú ní 2012. Pendine ní músíọ́mù eré mọ́tò báyìí, Babs sì máa ń wà níbẹ̀, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti hú u. Tí ẹ bá débẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ṣéènì ló gé e lórí, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ jọ wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá ọ̀tún ná.